Ṣé Kí N Lọ Àbí Kí N Má Lọ?

Ọjọ́rú, alẹ́.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń rẹ ọmọ ogun ara (agbára tí ara fi ń bá àrùn jà) sílẹ̀ kì í kàn gba ìwé ìpè kí inú rẹ̀ dùn lásán. Kó tó ka orúkọ ọkọ àti ìyàwó tán, ọkàn rẹ̀ ti ń ṣírò: ṣé inú gbọ̀ngàn ni àbí ìta gbangba? Èèyàn mélòó ló ń bọ̀? Ṣé ọmọ tó ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti gbádùn? Ìṣirò yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lálẹ́ yìí, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó gbogbo ìṣọ́ra wọn sí kọ́ ni ewu ti ń wá.

Ẹ wo ẹni tó fi ọtí ìnuwọ́ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, tó nu fóònù, tó nu páálí tí wọ́n fi kó ẹrù wá, tó sì wá lọ jókòó wákàtí méjì nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fọn imú. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ṣí tiwájú sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀fìnkìn, flu, Covid, afẹ́fẹ́ tí a jọ ń mí ni ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà. Ọwọ́ fífọ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ o: ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú àáyá 20, pàápàá kéèyàn tó jẹun. Bí omi ò bá sí, ọtí ìnuwọ́ tí agbára rẹ̀ ò dín sí 60% ṣeé lò. Àmọ́ norovirus, èyí tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, kò ka ọtí ìnuwọ́ sí. Ọṣẹ àti omi nìkan lẹ lè gbójú lé fún un.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ńkọ́, wákàtí mélòó, ta ló máa sún mọ́ mi jù? Òde tó wà níta gbangba yàtọ̀ pátápátá sí ti inú ilé. Bó bá jẹ́ inú ilé, fèrèsé méjì tó kọjú síra dára ju mẹ́ta tó wà lára ògiri kan ṣoṣo, torí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ibì kan wọlé kó sì gba ibòmíràn jáde. Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka carbon dioxide. Níta, ó máa ń wà ní nǹkan bí 420 ppm (ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́). Inú yàrá tí kò bá kọjá 800, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa níbẹ̀. Bó bá ti sún mọ́ 1,500, èémí àwọn ẹlòmíràn lẹ ń mí padà sínú. (Kì í ka kòkòrò àrùn o. Ẹ má wò ó kẹ́ ẹ wá fọkàn balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wúkọ́.)

Ọ̀rọ̀ ìbòmú, ẹ jẹ́ ká rora sọ ọ́. N95 tàbí FFP2, ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, ni mò ń wí, kì í ṣe aláṣọ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé e bo imú àti àgbọ̀n, ẹ fa okùn òkè sí àtàrí, kí ti ìsàlẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn lábẹ́ etí. Irin pẹlẹbẹ tó wà lókè, ẹ má fi ìka méjì fún un pọ̀ lójú kan. Ìka ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ láti àárín imú lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, kẹ́ ẹ mí jáde kíkankíkan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí yín lójú, tàbí tí awò ojú yín ṣú, irin yẹn ò tíì jókòó. Irùngbọ̀n máa ń bà á jẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ ìbòmú kì í lẹ̀ mọ́ irun. Oúnjẹ ló sì ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ jù: èèyàn wọ ọ́ dáadáa fún wákàtí kan, oúnjẹ dé, ó fà á sí àgbọ̀n, gbogbo tábìlì sì yanu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, tàbí kẹ́ ẹ gbé àwo yín jáde síta. Oúnjẹ tó gbóná láti orí iná ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe èyí tó ti wà lórí tábìlì fún ju wákàtí méjì lọ.

Oògùn ò dọ́gba, ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn ẹnì kan ò fi lè bá gbogbo èèyàn mu. Àwọn dókítà ka prednisolone (oògùn sítẹ́róìdì) 20mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìwọ̀n tó ń rẹ ara sílẹ̀ gan-an. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kíndìnrín fún, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló le jù fún un. Rituximab, oògùn tó ń pa àwọn kan lára ọmọ ogun ara, tilẹ̀ tún yàtọ̀: bí wọ́n bá fà á sí èèyàn lára lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà láàárín oṣù mẹ́fà sí i lè má fi bẹ́ẹ̀ mú ara. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn, bí àyè bá wà. Èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, bíi ti èéyi àti ibà pọ́njú, kò sábà tọ́ sí ẹni tó ti ń lo oògùn wọ̀nyí. Àwọn ará ilé ló yẹ kó gba tiwọn pé, kí àrùn má bàa gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé.

Ibi tó ń ti ọ̀pọ̀ lójú ni sísọ ọ́. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ka ìtàn àìsàn yín fún ẹni tó pè yín. Èyí tó: “Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ o. Oògùn tí mò ń lò kì í jẹ́ kí ara mi tètè lé àrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ tàbí tí inú ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, ká sún un síwájú. Ẹ má bínú bí mi ò bá dì mọ́ yín.” Ẹ fi ọ̀kan kún un tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: “Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lẹ́yìn òde náà, ẹ pè mí.” Ìpè yẹn wúlò ju ọtí ìnuwọ́ ìgò mẹ́wàá. Ẹni tó ní chickenpox ti ń kó o ran èèyàn ní ọjọ́ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó sú. Ẹni tó bá bá a jókòó ní láti pe dókítà lọ́jọ́ tó gbọ́, kó má dúró kí tirẹ̀ yọ, torí ààbò tí wọ́n lè fún un ní àsìkò. Oògùn flu náà, láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Tẹ̀mómítà gbọ́dọ̀ wà nílé. 38°C, ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ wọn ara yín kẹ́ ẹ tó gbé paracetamol mì, torí ó ń bo ibà mọ́lẹ̀. Prednisolone pàápàá ń bò ó, nítorí náà bí ara ò bá yá lọ́nà tí kò yé yín, ẹ má dúró de ooru. Ẹ má sì dá prednisolone dúró fúnra yín: ó jọ èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ara tó sì ti ń gba irú rẹ̀ láti ìta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti dín ṣíṣe tirẹ̀ kù, bẹ́ ẹ bá sì dá a dúró lójijì ó lè dá èèyàn wó. Àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà lè ní kẹ́ ẹ dá dúró díẹ̀. Òun ni kó sọ ọ́. Ẹ má ra oògùn apakòkòrò láìfi èyí tẹ́ ẹ ń lò han ẹni tó ń tà á: clarithromycin, apakòkòrò kan, ń gbé tacrolimus (oògùn tí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún sábà máa ń lò) sókè nínú ẹ̀jẹ̀, co-trimoxazole, apakòkòrò mìíràn, àti methotrexate (oògùn tí àwọn kan ń lò fún làkúrègbé) kò sì gbọ́dọ̀ pàdé.

Ní tèmi o, ẹni tó ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọdún kan ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ó kàn gba ewu mìíràn dípò ni. Òde méjì lọ́sẹ̀ kan? Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ máa kábàámọ̀ bẹ́ ẹ ò bá lọ, kẹ́ ẹ fi fóònù kí ìkejì. Ẹ tètè dé kí èrò tó kún, ẹ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, kẹ́ ẹ sì ti pinnu wákàtí tẹ́ ẹ máa dìde.

Ìbòmú méjì nínú àpò, torí èyí tó bá ti rin gbingbin kò wúlò mọ́. Orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìwé kékeré. Ẹni tó bá ń lo tacrolimus ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 ló wà láàárín wọn, ti alẹ́ sì sábà máa ń bọ́ sí àárín ijó. Ariwo ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ agogo fóònù. Ẹ yí i sí gbígbọ̀n, kó wà nínú àpò aṣọ, kì í ṣe nínú báàgì tó wà lábẹ́ àga.