Ta ló ń wẹ̀ fún Màmá?

Alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Ògọ́sì ọdún 2025, àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí WhatsApp láti Leeds. Inú ń bí i. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta rèé nínú oṣù kan tí ọ̀gá wọn máa gba Sọ́ńdè lọ́wọ́ òun; wọn ò bi òun, orúkọ òun ni òun kàn ń bá lórí rótà. “Àǹtí mi, màmá arúgbó tí mò ń wẹ̀ fún yẹn, àwọn ọmọ ẹ̀ ò wá wò ó láti Kérésì. Èmi náà, ó ti pẹ́ tí mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn.” Mo bá a kẹ́dùn. Mo ṣépè díẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè túmọ̀ fún un ní Leeds, mo sì pa fóònù.

Mo ń gbọ́ tí omi ń dà sínú báàfù ní yàrá Màmá. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn ló ń fi tútù la omi gbígbóná, tó ń ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ wò bóyá ó ti rí bí Màmá ṣe ń fẹ́ ẹ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ló kúnlẹ̀ níwájú mi, tó ní òun fẹ́ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú Sẹ̀tẹ́ńbà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mi ò tilẹ̀ bi í ohun tó fẹ́ lọ ṣe.

Ìkọ̀lé-Èkìtì la wà. Kí n tó mọ ibi tí London wà lórí máàpù ni mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ iye tí kòkó bàbá mi ń jẹ́. Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń dá owó lé e fún wa títí di 1986 tí wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká. Látìgbà náà, ẹnu oníkílò ni owó kòkó wà. Ọdún tó bá dára, a ó san owó ìwé, a ó kan páànù. Ọdún tí kò bá dára, ẹnì kan nínú ilé á di ẹrù, á gba Èkó lọ. Báyìí ni àbúrò bàbá mi ṣe di dẹ́rẹ́bà ní Mushin, tó sì kú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oko náà kò ṣófo rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn Ẹ̀bìrà láti Òkènè ló ń bá bàbá mi ṣán an. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Igede dé láti ìpínlẹ̀ Benue. Àgàtú là ń pe gbogbo wọn níbí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni Àgàtú, inú wọn kì í sì í dùn sí i. Ọkùnrin Igede kan ló ń bójú tó oko náà fún wa látìgbà tí Bàbá ti kú. Ọdọọdún là ń ṣírò fún un, ọ̀kadà tuntun la sì jọ fẹnu kò sí. Nígbà tó di 2024, àrùn àti òjò tí kò rọ̀ dáadáa ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire, owó tọ́ọ̀nù kan sì kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lágbàáyé. Ọkùnrin yìí wá bá mi ní pálọ̀, ó jókòó, ó ní, “Mọ́mì, ọ̀kadà kan ò tó mọ́.” Mo bínú. Nígbà tó yá mo rẹ́rìn-ín: òun náà ti mọ London. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú Màmá.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé jàpá ti sọ Èkìtì di ahoro, mi ò kì í bá wọn mi orí. Ahoro kọ́. Bí ẹnì kan ṣe ń jáde ni ẹlòmíràn ń wọlé, ẹni tó wọlé ni a kì í kà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún Gánà tẹ́lẹ̀ títí Busia, olórí ìjọba ibẹ̀, fi lé wọn ní 1969. Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ dé níhìn-ín ní 1979, tí ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ, àwọn ará Gánà ló wá kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn kọ́ mi ní ìṣirò. Jánúárì 1983, ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde. Ọ̀sẹ̀ kan a dé kíláàsì, a ò bá a. Ìṣirò tó kọ kẹ́yìn ṣì wà lójú pátákó, kò tíì yanjú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pa á rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Tíṣà físíìsì ni àbúrò mi náà kó tó lọ. Fébúárì 2022 ni ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ajẹ́ńtì àkọ́kọ́ kó owó wa lọ, owó ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan tá a tà. Títí dòní kò gbé fóònù wa. Èkejì ló bọ́ sí i. Ó lọ ní 2023, ọdún tí náírà já wálẹ̀ bí ẹni já láti orí ọ̀pẹ. Ìyàwó àti ọmọ méjì bá a ní Jánúárì 2024. Ká ní ẹ̀yìn ọjọ́ 11 oṣù Máàṣì ọdún yẹn ni àbúrò mi fúnra rẹ̀ tó gba físà, kò ní lè kó wọn wọlé, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n fòfin de kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kó ìdílé dání. Nígbà tó fi di Júláì 2025, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti òkèèrè. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Físíìsì ò sí nínú ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń jẹun.

Nínú páùn tó ń fi ránṣẹ́ ni mo ti ń san owó ọmọ yìí. Tí mo bá ti san án, ó di ọ̀dọ̀ oníPOS lẹ́bàá ọjà, ó ń fi í ránṣẹ́ sí màmá tirẹ̀ nítòsí Oju ní Benue. Ọdún kejì rẹ̀ lọ́dọ̀ wa rèé. Ó ti ń pe ilé ní “ulé”, igi ní “ugi”, bí ọmọ Ìkọ̀lé gidi. Àbíkẹ́yìn àbúrò mi gbọ́ “ulé” lẹ́nu Màmá lórí fóònù, ó ní kí bàbá òun sọ ohun tí Grandma ń wí.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, mo pè é. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé? Ó ní ọdún iṣu tuntun wọn ni, Igede Agba, Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n máa ń ṣe é, ibi yòówù kí ọmọ Igede wà, á fẹ́ délé. Ó ti pẹ́ tí àwọn Igede ti wà lóko wa, mi ò gbọ́ ọ rí. Ìjẹṣu tiwa, tí ẹnì kan bá dí wa lọ́wọ́ ẹ̀, ìjà ni. Mo wá bi í ta ló ń tọ́jú màmá rẹ̀. Ó ní àbúrò òun obìnrin ni. Mo ní ọmọ ọdún mélòó? Ó ní méjìlá.

Ó lọ. Ìdajì owó ọkọ̀ ni mo fún un, kí n má purọ́. Ó gba Ọ̀mùò bọ́ sí Kàbbà, ó kọjá Lọ́kọ́já, ó ní ilẹ̀ ti ṣú kí òun tó dé Otukpo.

Ọjọ́ kejì, mo fa Màmá lápá kí n lè pààrọ̀ aṣọ abẹ́ wọn. Wọ́n ké. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn tèmi náà ké. Mo bá pe Leeds, mo fi fóònù ti kọ́ọ̀bù lórí tábìlì kó lè máa wò wá. Àbúrò mi ní, “Ẹ má fà wọ́n mọ́. Ẹ ká orúnkún wọn méjèèjì sókè. Ó dáa. Ọwọ́ kan léjìká, ọwọ́ kejì ní ìbàdí. Ẹ yí wọn sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má tì wọ́n sí ọ̀hún.” Ó ní kí n wá ọ̀rá ńlá, kí n ká a sí méjì sábẹ́ ìró tí wọ́n sùn lé, kí wọ́n lè máa yọ̀. Màmá yí bí ojú ewé ìwé. Wọ́n bojú wo fóònù, wọ́n ní ta lẹni yẹn. Mo ní ọmọ yín ni. Wọ́n ní kó wá jẹ iyán.

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ tó dá, òun pẹ̀lú iṣu márùn-ún nínú àpò. Ó bá mi níbi tí mo ti ń yí Màmá. Inú mi dùn, mo fẹ́ fi ohun tuntun hàn án. Mo ní, “Wá wo bí bọ̀dá rẹ ṣe kọ́ mi láti Leeds.” Ó gbé iṣu sílẹ̀, ó wò mí títí mo fi parí.

“Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa ń ṣe é. Ṣé ẹ ò rí i tẹ́lẹ̀ ni?”