Yìnyín Ya, Kò Bo Ẹnikẹ́ni Nínú Wa: Ọpẹ́ Ni Fún Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga. Yìnyín tó kó jọ bo òkè ya, ó rọ́ wọ̀ọ̀ gba ibi tí à bá gbà, iye àwa tí a gòkè náà la sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ọpẹ́ wa kò ní pé tí a kò bá sọ ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà yọ wá, torí ó lè yọ ẹlòmíràn.

Ìkéde òwúrọ̀ tó ń sọ bí ewu kí yìnyín ya ṣe tó gbé ewu ọjọ́ náà sí 3 nínú 5. Ẹ má ṣe rò pé àárín ni 3 wà, pé kò tíì le. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń lọ. A wá gbẹ́ kòtò sínú yìnyín láti dán agbára rẹ̀ wò, síbi tí kò séwu lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n tó kọjú síbi kan náà, tó sì dà gẹ̀rẹ́ bákan náà pẹ̀lú ibi tí a fẹ́ gbà.

A fi ayùn gé òpó yìnyín kan yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́: sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú, 30 wọ inú òkè. A gbé ojú ṣọ́bìrì lé etí kan, a sì ń lù ú: ìgbà 10 láti ọrùn ọwọ́, 10 láti ìgúnpá, 10 láti èjìká. Ní lílù kẹtàlá, ìlà kan là lábẹ́ ṣọ́bìrì, ó sì sáré dé etí kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní abẹ́ ṣọ́bìrì nìkan ló ti là, kò bá má burú tó bẹ́ẹ̀. Sísáré yẹn ni àmì pé odindi ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lẹ́ẹ̀kan.

A bu èyí tó wà lójú ibi tó là náà. Hóró rẹ̀ dà bí ṣúgà: a fún un títí, kò di ìṣù. Ilẹ̀ abẹ́ yìnyín kì í tutù tó afẹ́fẹ́ òkè. Tí yìnyín bá fẹ́lẹ́, tí ìyàtọ̀ ìgbóná inú rẹ̀ bá ju dígírì 1 lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan, oru omi á máa gba inú rẹ̀ gòkè, á sọ àwọn hóró di onígun, wọn kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Atẹ́gùn wá kó yìnyín líle jọ bíi pẹpẹ sórí ìpele aláìlágbára yìí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fẹ́ gbà náà jẹ́ dígírì 37. Láàárín 30 sí 45 ni irú pẹpẹ yìnyín bẹ́ẹ̀ ti máa ń já jù. A yí padà. A gba ilẹ̀ tí kò tó 30, a jìnnà síra wa, a sì yẹra fún ìsàlẹ̀ òkè, nítorí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kì í gba ẹni tó bá dúró lábẹ́ yìnyín tó fẹ́ ya. Lójijì, ilẹ̀ dún gbìì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ojú yìnyín rì díẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀hún sì já lókèèrè, láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele tí kò lágbára ṣe ń wó láti ibì kan dé ibi tó jìnnà. Ká ní a wà lábẹ́ rẹ̀ ni, ìròyìn mìíràn là bá máa gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tí òpó kò bá là, ìyẹn kì í ṣe àṣẹ láti gòkè. Kòtò kan kò lè jẹ́rìí fún odindi òkè. Ṣùgbọ́n tó bá là, ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wá ẹni tí yìnyín bá bò, tó ń fi àmì ránṣẹ́ ní 457 kilohertz, wà láyà kálukú wa, ọ̀pá ìwáni àti ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn. Ọlọ́run kò jẹ́ ká fi wọ́n wá ẹnikẹ́ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìkéde ewu láàárọ̀ kùtùkùtù, àti àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń gbẹ́ kòtò. A ti fi àbájáde kòtò náà, ibi tí òkè tó já kọjú sí àti bó ṣe ga tó ránṣẹ́ sí wọn, kí ó lè bọ́ sínú ìkéde ọ̀la. Ògo ni fún Ọlọ́run.