Káàdì àjẹsára ajá: ti Ìlú Ọba kò bá Òṣogbo mu

Àwa ọmọ Òṣogbo tí a ń gbé Ìlú Ọba fẹ́ràn láti ya fọ́tò káàdì àjẹsára ajá wa, ká fi ránṣẹ́ sí àbúrò nílé lórí WhatsApp: "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí o, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá Bàámi." Àṣìṣe ni. Abẹ́rẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ní Òṣogbo kò sí nínú káàdì yẹn rárá.

Ti dìgbòlugi ni. Láti 1922 ni Ìlú Ọba ti lé àrùn yẹn kúrò lára ẹran orí ilẹ̀, nítorí náà dókítà ẹranko ibẹ̀ kì í gún un àfi fún ajá tó ń rìnrìn àjò. Nílé ńkọ́? Ajá tí kò lólúwa ń gba Òkè-Fíà àti Ọjà Ọba kọjá lójoojúmọ́. Tí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gún un. Ẹ tún un gún lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ sì máa gún un lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, kí ó máa wà nínú káàdì. Ológbò náà nílò abẹ́rẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń ránti èyí tó ń pa eku nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló kàn, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan á pa ajá ọ̀hún, wọ́n á yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bù jẹ. Ẹ̀dọ̀ kò wo dìgbòlugi, ajá tí ẹ̀rí wà lára rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá: bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn náà, àrùn kò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ.

Ti parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ọmọ ajá, àtàwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ń gbà á níbí, lọ́sẹ̀ kẹjọ àti ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá. Nílé, ẹ má dá a dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ máa gún un lọ títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. Ààbò tó wà nínú wàrà ìyá ló ń fà á: bó bá ṣì pọ̀ lára ọmọ, ó ń pa àjẹsára lẹ́nu mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò tán. Ọmọ ajá tó bá bọ́ sáàárín á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀.

Àjẹsára fẹ́ òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 °C, iná wa kò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ló ń gbé fíríìjì. Ẹni tó gbé ìgò sínú lailọ́ọ̀nù láìsí yìnyín, tó sì fi ọ̀kadà gbé e wálé lọ́sàn-án gangan, omi lásán ló fẹ́ gún. Ìyẹ̀fun àjẹsára àti omi rẹ̀, níṣojú yín ni kí dókítà ti pò wọ́n, kí ó sì lẹ bébà kékeré ara ìgò mọ́ káàdì.

Eégbọn ni ìyàtọ̀ tó tún jinlẹ̀. Ti Ìlú Ọba ń lúgọ nínú koríko àti igbó, òtútù sì ń dín in kù. Tiwa ń gbé ilé ajá gan-an, nínú àlàfo búlọ́ọ̀kù, láti oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, abo kan sì ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Ẹni tó wẹ ajá nìkan, wọ́n á padà bá a. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí àlàfo, ẹ wẹ ajá àti ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Oògùn eégbọn amitraz tí ìgò rẹ̀ kọ 12.5%, mílílítà méjì sínú lítà omi kan fún ara ajá. Ẹ má ṣan án dànù, ẹ má sì jẹ́ kó lá ara rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Kò sí fún ológbò, kò sí fún ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Òtápíàpíà kì í ṣe oògùn eégbọn, májèlé ni. Bí èrìgì ajá bá funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi sobo, ẹ̀jẹ̀ ni àrùn eégbọn ń bà jẹ́: dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oògùn eégbọn sínú àpótí bọ̀ wálé, ẹ wò ó bóyá permethrin wà nínú rẹ̀. Ológbò tó bá sùn ti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán an sí lọ́rùn lè máa gbọ̀n rìrì títí yóò fi kú.

Oògùn aràn kò yàtọ̀ púpọ̀: láti ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí tó fi já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà, kó tó wá di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwọ̀n ara ni kí ẹ fi díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé ajá, ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ yọ ti ara yín kúrò.

Ṣíìpù abẹ́ awọ, ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹran, di òfin fún ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, fún ológbò ní oṣù kẹfà 2024. Ẹni tó bá kọ̀ lè san tó pọ́n-ún 500. Ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ gbé ajá Bàámi wá síbí. Nígbà náà ṣíìpù ló ṣáájú, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tẹ̀ lé e, ó kéré tán 30 ọjọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kó tó wọlé, àti oògùn aràn láàárín wákàtí 120 sí 24 kó tó dé. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú ṣíìpù, bí ẹni pé wọn kò gún un ni lójú aṣọ́bodè, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.