Sípóòkù Méjì Lábẹ́ Kátẹ̀rẹ́ẹ̀lì

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Àwọn ọmọ ti sùn, èmi ṣì wà nídìí tábìlì ìránṣọ. Mo ti gbé màṣíìnì sílẹ̀ kí n lè ráàyè. Páànù àgólò tòmátò ló kún orí tábìlì, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ ti kú, òjé díẹ̀, àti ọkọ̀ kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná nínú mi, torí ó ti pẹ́ tí nǹkan kékeré ti dùn mọ́ mi tó báyìí.

Kátẹ̀rẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe, Renault 4L, irú èyí tí bàbá mi fi ń kó aṣọ láti Àjàṣẹ́ lọ sí ọjà Sákété àti Ìpóbẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹni tó bá ti rí i rí kò lè gbàgbé rẹ̀: fèrèsé mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè, ọwọ́ fìtẹ́ẹ̀sì (jíà) tó yọ jáde láti inú dáṣíbọọ̀dù bí ọwọ́ agboòrùn. Láti 1961 títí di 1992 ni wọ́n fi ṣe é, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní mílíọ̀nù 8. Ti bàbá mi ti jẹrà tipẹ́. Bàbá fúnra wọn ṣì wà, a dúpẹ́, àmọ́ ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ ni wọn yóò fi wo ọkọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí irọ́ kankan wà lára rẹ̀, àní títí kan abẹ́ rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní yí wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Faransé ló kó mi wọnú nǹkan yìí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ó fi páálí kan ránṣẹ́, bàálù oníke tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló so mọ́ igi ike bí ọsàn ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka. O ó gé e, o ó yún ojú ibi tí o ti gé e kí ó jọ̀lọ̀, o ó wá fi àtè inú ìgò kékeré kan kàn án. Àtè yẹn yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó ń lẹ ike méjì mọ́ra lásán. Ńṣe ló ń yọ́ ojú méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn, bó bá sì gbẹ, wọ́n ti di ike kan ṣoṣo. Alẹ́ tí apá bàálù náà wọ ààyè rẹ̀, tí mo gbọ́ "kẹ́" lábẹ́ àtàǹpàkò mi, n kò sùn bọ̀rọ̀.

Irú páálí bẹ́ẹ̀ kò sí ní ọjà Ouando, kò sì wù mí kí n máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Páànù wà nílé. Ọmọkùnrin wo ní àdúgbò wa ni kò tíì fi àgólò sàdíìnì ṣe mọ́tò rí? Ní Kétu, ìlú ìyá mi, mo ti rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí agbẹ́gilére gbẹ́ mọ́tò lé, odindi mọ́tò pẹ̀lú ẹni tó ń wà á, tó ń bá ijó lọ lórí ẹni tó gbé e. Èmi fẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí.

Ìdá kan nínú 24 ni mo mú, ìwọ̀n tí àwọn tó ń to mọ́tò oníke fẹ́ràn jù. Sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi á di ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ tó gùn ju mítà 3 àbọ̀ lọ á sì di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ìṣirò yẹn kò nira fún aránṣọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ara èèyàn di bébà.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fẹ́ pa mí lẹ́kún. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú téèpù mi lọ sí gáráàjì kan tí 4L àtijọ́ kan wà, mo wọn ọ̀nà tó jìn láti àárín táyà iwájú sí àárín táyà ẹ̀yìn. Ní ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 245 ó ku díẹ̀. Ní òsì, 240. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní bóyá ọkọ̀ náà ti forí gbárí níbì kan, pé egungun rẹ̀ ló wọ́. Mo bá mú ìwọ̀n ọ̀tún fún ọwọ́ méjèèjì, mo délé, mo dá ihò lu ìsàlẹ̀ páànù, mo ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan bọ ọ́ láti ọ̀tún dé òsì, mo fi òjé dè é.

Lónìí mo padà lọ wo bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Bàbá mẹkáníìkì tó ni ibẹ̀ wà nílé. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n pé, "Bàbá, ta ló kọ lu ọkọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ lù ú, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Irin gbọọrọ méjì ló dùbúlẹ̀ ní ìbú níbẹ̀. Táyà ọ̀tún ní tirẹ̀, tòsì ní tirẹ̀. Bí táyà bá jìn sí kòtò, irin rẹ̀ á lọ́ bí aṣọ tí a ń fún, á sì tún fi agbára padà sípò. Irin kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbú ọkọ̀ náà já, nítorí náà méjèèjì kò lè wà lójú kan náà. "Ìkan gbọ́dọ̀ wà níwájú ìkejì," ni bàbá wí, "ibi tí irin bá sì wà ni táyà máa wà."

Ojú tì mí pẹ̀lú téèpù lọ́rùn mi. Mi ò tíì rán aṣọ fún oníbàárà kan rí tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ bá tòsì dọ́gba. Mo máa ń gé ọ̀tún fún ọ̀tún. Kí ló dé tí mo fi rò pé irin kò lè ní ìdí tirẹ̀?

Mo wá a lórí fóònù nígbà tí mo délé: mìlímítà 2449 ní ọ̀tún, 2401 ní òsì. Pín in sí 24: 102 àti 100. Mìlímítà 2 péré, ohun tí èékánná lè bò mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ki irin bọ inú ẹ̀yinná, mo yọ́ òjé, mo fa sípóòkù yọ.

Ibẹ̀ ni ìdùnnú ti bẹ̀rẹ̀. Sípóòkù kan kò lè gba ihò méjì tí kò kọjú síra wọn já; ńṣe ni yóò dábùú. Mo ní láti gé e sí méjì, kí ọ̀tún ní tirẹ̀, kí òsì ní tirẹ̀. Níbo ni kí n wá tẹ́ wọn sí? Mo gbé wọn sórí páànù, wọ́n fara kan ara wọn, mo gbé rúlà lé e. Sípóòkù mi nípọn ní mìlímítà 2. Tí wọ́n bá ti sùn tira, láti àárín ìkan dé àárín ìkejì, mìlímítà 2 náà ni. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ wọ̀n mọ́. Irin méjì ló dùbúlẹ̀ ní ìbú lábẹ́ ọkọ̀ mi, ìkan níwájú ìkejì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lórí páálí lọ́sàn-án, nítorí ìdí kan náà, láìjẹ́ pé mo gbèrò àtifarawé rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n títí ẹ̀yinná fi fẹ́ kú.

Ìyókù yá. Mo fi òjé dè wọ́n, mo ti ọ̀pá bírò tí mo gé kéékèèké bọ ìdí wọn kí ẹsẹ̀ lè yí, mo gé táyà lára sálúbàtà tó ti já. Mo fi ẹfun ìránṣọ pa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ́ ìrépé aṣọ dúdú kan sílẹ̀, mo sì fi ìka kan tì í. Ó rìn dé etí aṣọ. Ìlà funfun méjì ló fà, ó tọ́ bí ojú ìránṣọ.

Lọ́la màá mú un lọ fún Bàbá kí n tó kùn ún lọ́dà. Màá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́wọ́ wọn, màá sì dákẹ́, kí n wò ó bóyá ìka wọn á rí i.