Àmì tí kò yẹ kí a fojú fò lẹ́yìn ìṣẹ́yún
Nígbà tí mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn tí ó ṣẹ́yún, páàdì ni mò ń kà. Ẹ̀jẹ̀ àti inú rírun kì í ṣe ohun àjèjì, ṣùgbọ́n bí páàdì ńlá 2 bá rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan, tí wákàtí kejì sì tún rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣẹ́kù sínú ilé ọmọ. Bí kòkòrò àrùn bá sì wọ ibẹ̀, ara lè gbóná kọjá ìwọ̀n 38°C, kí ohun tó ń jáde lójú ara sì máa rùn. Lọ́wọ́ oníṣègùn tó mọṣẹ́, ìwọ̀nyí kò wọ́pọ̀. Aláìmọṣẹ́ ló sábà ń fi irin dá ilé ọmọ lu.