Kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ epo: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tó ń lo Cox .049

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo wò yín ní pápá ní Sátidé tó kọjá, bí ẹ ṣe ń bá Babe Bee kan jà, ọ̀kan lára àwọn Cox .049, ẹ́ńjìnì kékeré tó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré fò. Ó ń jó epo tí ẹ kán sí i, ó sì ń kú. Ẹ yí abẹ́rẹ́ tó ń díwọ̀n epo síta, ó kú. Ẹ yí i wọlé, ó kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí irú èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àkọ́kọ́ ni réèdì, ewé pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo àti afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ti pẹ́ nínú àpótí, òróró àtijọ́ á ti gan, á ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ tú skúrù ẹ̀yìn téńkì, ẹ fi methanol fọ̀ ọ́, kí ẹ rí i pé ó ń mì fúnra rẹ̀ lábẹ́ ohun tó dì í mú. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ tó láti máa tu epo padà sẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ta, tó ń yí òdì, ẹ má bẹ̀rù. Bí réèdì ṣe rí nìyẹn. Ẹ pa á, kí ẹ tún un ta.

Èkejì, abẹ́rẹ́. Ẹ fi ìka rọra tì í dé ìdí, ẹ yí i síta bí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ta.

Ẹ̀kẹta ni òróró tí wọ́n ń pò mọ́ epo, ibi tó ń dùn mí nìyí. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní fífi okùn darí ọkọ̀ òfuurufú ní Houston fún mi ní Black Widow tirẹ̀, Cox .049 mìíràn. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo fi han olùtajà, mo ní kó fún mi ní epo tó bá a mu. Ó ní ìdọ̀tí àtijọ́ ni òróró lárà, ó ta èyí tí òróró inú rẹ̀ jẹ́ kìkì synthetic, ti àtọwọ́dá, fún mi. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní bíárì kankan! Irin lásán ló ń yí nínú ihò lásán, písítìn rẹ̀ kò ní ríǹgì, bọ́ọ̀lù kékeré orí ọ̀pá ló sì fi rọ̀ mọ́ ọn. Òróró lárà ló ń dúró níbẹ̀ nígbà tí ooru bá mú. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lójú òfuurufú. Mo ṣí abẹ́rẹ́ sí i bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, kò gbọ́. Ó wá ń dún kà-kà-kà: bọ́ọ̀lù ti dẹ̀ nínú ìtẹ́ rẹ̀. Mo ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ ìtẹ́ náà padà, ìyẹn mú. Àmọ́ ihò tí irin ń yí nínú rẹ̀ ti fẹ̀, kò ṣeé tún ṣe. Nígbà tí mo padà lọ, olùtajà náà sọ lójú àwọn oníbàárà pé n kò mọ ẹ́ńjìnì tún ṣe. Orí mi ṣì ń gbóná bí mo bá rántí. Ẹ̀bùn àgbàlagbà ni ó bà jẹ́, kò tilẹ̀ tọrọ àforíjì.

Torí náà, ẹ ka ara agolo: òróró ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti lárà. Bí wọn kò bá kọ ọ́, tí olùtajà kò sì lè sọ ọ́, ẹ dá agolo rẹ̀ padà sórí pẹpẹ.