Èjìká tí mo fi pamọ́

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ amòòkùn kí n tó pa irọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláàbọ̀ ara. Irọ́ náà kò gùn. Ọ̀gá wa ní, "Ṣé ara le?" Mo ní, "Ara le, ọ̀gá." Bẹ́ẹ̀, èjìká òsì mi ti ń ro mí burúkú.

Nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀ omi ni mo ti ń bọ̀. Bóòtù ara páìpù là ń tú. Ẹni tó bá rò pé ẹja aláràbarà là ń wò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni n kì í rí ọwọ́ ara mi. Ìka ni mo fi ń dá bóòtù kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Sípánà tí mo lò wúwo, nítorí náà, nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀, mo ti rí ohun tí màá dì í rù. Owó sì tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan ń ro òun kò ní wọ omi lọ́la, owó ọjọ́ tí a bá wọ omi sì ju ti ọjọ́ ìjókòó lọ.

Bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi ìwúwo tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ kún èyí tó wà lára wa. Ní mítà 30, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí á wá máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tí a bá rọra gòkè, tí a ń dúró lọ́nà bí àtẹ, ìwé tó ń sọ ibi tí a ó ti dúró àti bí a ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ṣe là á sílẹ̀, a óò mí i jáde. Tí kò bá ráyè jáde, á hó bí ọṣẹ nínú ara, ó sì fẹ́ràn oríkèé: èjìká, ìgúnpá, orúnkún. Mo tẹ̀lé àtẹ láìyẹsẹ̀. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Òtútù àti iṣẹ́ agbára lè mú kó ṣe ẹni tí kò rú òfin kankan.

Lọ́dún 1908 ni John Scott Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Scotland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ewúrẹ́ dán an wò nínú yàrá onírin tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ mọ́. Ewúrẹ́ tí àìsàn yìí bá ti mú á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, kò ní fi tẹlẹ̀. Ewúrẹ́ o! Èmi tí mo lẹ́nu, ṣe ni mo pààrọ̀ aṣọ, mo lo oògùn ara ríro, mo lọ sùn. Oògùn yẹn gan-an burú, torí ó ń bo àmì mọ́lẹ̀.

Lóru, ìka mi kú, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Wọ́n tì mí sínú yàrá onírin, wọ́n fún afẹ́fẹ́ mọ́ mi títí ó fi dà bí ẹni pé mo wà ní mítà 18 lábẹ́ omi, mo sì ń mí ọ́síjìn látinú ìbòmú. Ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí márùn-ún kí n tó jáde. Ọ̀gá bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù inú ibẹ̀: "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ òótọ́. Kò fèsì fún ìgbà pípẹ́. Ì bá kúkú bú mi.

Àwọn ewu mìíràn wà, bí ihò páìpù tó ń fa omi tòun tèèyàn, àti irin tí à ń fi iná gé lábẹ́ omi. Àwọn yẹn kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni kí wọ́n tó ṣe é. Èyí nìkan ni mo ráyè sọ, tí n kò sọ.

Èmi náà ti ń darí àwọn ọmọ iṣẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ní nǹkan ń ro òun, n kì í jẹ́ kí owó ọjọ́ rẹ̀ dín, torí mo mọ ohun tó ń di èèyàn lẹ́nu. N kì í sì í bi wọ́n bóyá ara le mọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní nínú èdè wa, kó tó délẹ̀ ni ẹnu ti fèsì. Bí wọ́n bá ti bọ́ àṣíborí, màá ní kí wọ́n rìn síwá-sẹ́yìn, kí wọ́n fún ọwọ́ mi mọ́ra. Lẹ́yìn náà, màá ní, "Gbé apá méjèèjì sókè, kí n rí i."